Ẹ Bi Ará Ìlú Kí Ẹ Tó Fa Ìlà



Ẹni tí ó bá ti jókòó síwájú babaláwo rí mọ̀ pé ènìyàn kì í sọ ohun tí ó gbé e wá fún awo. Owó ni ó máa ń sọ ọ́ sí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Awo a dá Ifá, a ki ẹsẹ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ẹni tí ó wá dáfá yóò fi sọ pé, "Èyí ni ọ̀rọ̀ mi." Ojú yìí ni èmi tí mo ń dáfá, tí mo tún ń kọ́ni ní ẹ̀dá-èdè, fi ń wo ètò ìlú ní Alímọ̀ṣọ́.

Ilẹ̀ oko àwọn Àwórì ni Ìkòtún, Ìgàndó àti Ẹgbẹ́dá tẹ́lẹ̀. Lónìí, iye wa gan-an di àríyànjiyàn. Ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ní 2006 sọ pé 1,277,714 ni wá. Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó ka tirẹ̀ ní 2,047,026. Ìyá tí kò mọ iye ọmọ tí ó wà nílé, báwo ni yóò ṣe bu oúnjẹ? Abala keje nínú Ìwé Òfin 1999 sọ ọ́ di ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀ láti kópa nínú ètò ọrọ̀ ajé àti ìdàgbàsókè agbègbè rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìjọba ni ó pè síbẹ̀ o. Kò pe ìyá aláta.

Mo wà níbi ìpàdé kan tí wọ́n ti gbé àwòrán ọ̀nà àti gọ́tà kọ́ ara ògiri, tí wọ́n sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá àgbà kan dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, omi tí ó ń gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá nígbà òjò, ibo lẹ ní kí ó gbà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Mo túmọ̀ ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe èdè ni kò yé wọn. Wọ́n ti ya àwòrán náà tán kí wọ́n tó pè wá.

Bákan náà ni ti ààtàn Solous ní Ìgàndó. Àwọn tí ó ń fa omi kànga nítòsí rẹ̀ mọ òórùn àti àwọ̀ omi wọn ju ẹnikẹ́ni tí ó jókòó ní Aláúsá lọ. Kí ìjọba pe ìpàdé kí wọn ó tó fa ìlà, ní àdúgbò, ní ìrọ̀lẹ́ tí ọjà Ìkòtún bá ti tú, ní Yorùbá àti ní èdè àwọn tí ó ń bá wa gbé. Kí wọn ó sì lẹ èsì ìbéèrè kọ̀ọ̀kan mọ́ ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i.

Àwa náà jẹ̀bi. A ń dáwó ra ẹran ọdún, a kì í yan ẹnikẹ́ni lọ sí ìpàdé ètò ìlú. Ẹ jẹ́ kí a yan ènìyàn méjì ní ìpàdé wa tí ó ń bọ̀. Èmi yóò bá wọn ṣe ògbufọ̀.