Ẹ̀jẹ̀ ríru: Àyẹ̀wò nìkan ò tó, owó oògùn ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé ara àwọn dá ṣáṣá títí tí wọ́n á fi ṣubú lójijì. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà pariwo kó tó ba ọkàn jẹ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ń pa tó jẹ́ ará orílẹ̀-èdè tí owó ò ti fi bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Lọ́dún 2020, ìjọba àpapọ̀ àti WHO bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Kano, kí ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé lè máa tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: kò dìgbà tí dókítà bá wà kí nọ́ọ̀sì tó wọn BP èèyàn.

Oògùn gan-an ni wàhálà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ sì fi ń rà á. Bí owó bá tán, tàbí tí ara bá fúyẹ́, wọ́n á dá a dúró, BP á tún gòkè. Àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ọlọ́jọ́ kan ò lè yanjú ìyẹn.

Iṣẹ́ wà nínú ilé náà: WHO ní kí iyọ̀ má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, iyọ̀ inú mágí sì wà nínú ìṣirò yẹn. Ṣùgbọ́n kí oògùn wà nítòsí, lówó tí agbára mẹ̀kúnnù ká, ọwọ́ ìjọba ló wà. Ohun tó yẹ kí ará ìlú máa bi alága káńsù wọn nìyẹn.