"Ajẹran" àti "Irà": Ọ̀rọ̀ Ìperí Méjì tí ó Yẹ kí a Tún Wò

Olùtumọ̀ tí ó bá pe Sarracenia purpurea ní "ewéko ajẹran", inú ìwé atúmọ̀-èdè ni ó ti mọ̀ ọ́n. Kò tí ì rò ó wò níbi tí ó ń hù. Lójú Yorùbá, kìnnìún àti ẹkùn ni ajẹran: eyín ni wọ́n fi ń ya ẹran, ẹran náà ni wọ́n sì fi ń gbé ẹ̀mí ró.

Irà Kánádà àti ti ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni ewéko yìí ti ń hù. Òun ni Newfoundland yàn ní òdòdó àmì ìjọba rẹ̀ ní 1954. Ewé rẹ̀ ká bí ahá, ó lanu sókè, òjò sì ń rọ̀ sínú rẹ̀. Bí 100 èèrà bá dé ẹnu rẹ̀, agbára káká ni 1 yóò fi já sínú omi náà. Ta wá ni ó ń jẹ òkú kòkòrò? Ìdin kékeré kan, Metriocnemus knabi, ni ó ń rún un nísàlẹ̀; tanwíjí Wyeomyia smithii àti bakitéríà ń jẹ èérún rẹ̀; ewé sì ń fa náítírójìn inú omi tí ó kù. Oúnjẹ tirẹ̀ gan-an, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó fi ń ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ewé ẹ̀gẹ́ ti ń ṣe. "Amúkòkòrò" sàn ju "ajẹran" lọ. ("Apakòkòrò" kò ṣeé lò, nítorí oògùn tí àgbẹ̀ ń fín sí kòkó ti gbà á.)

Ti "irà" tilẹ̀ burú jù. Ẹni tí ó mọ àkùrọ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ olómi lọ́ràá, ẹ̀fọ́ a máa ṣe dáadáa níbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Irà ti Sarracenia kò rí bẹ́ẹ̀. Omi òjò nìkan ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Sphagnum, ewéko rírọ̀ bí tìmùtìmù, bò ó, ó sì ń mú omi rẹ̀ kan. Ohun tí ó kú níbẹ̀ kì í tètè jẹrà, náítírójìn a sì wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ka "irà" lásán yóò béèrè ohun tí ewéko inú ilẹ̀ ọlọ́ràá fẹ́ fi eṣinṣin ṣe, ìbéèrè rẹ̀ yóò sì tọ́. "Irà aláìlọ́ràá" gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dáhùn ìbéèrè náà.

Bí ó bá kan Nepenthes ti Borneo àti Madagásíkà, ahá kò bá a mu mọ́: ewé tirẹ̀ ní ìdérí, ó sì ń rọ̀ dirodiro bí akèrègbè adẹ́mu lára ọ̀pẹ.