Ẹni Tí A Kò Gbà Síṣẹ́ Pẹ̀lú Yẹ Kí Ó Gbọ́ Èsì

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn tí ó sì ké pé, "Àgò onílé o," dandan ni kí ará ilé dá a lóhùn. Onílé lè má ní ohun tí àlejò wá tọrọ, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí nítorí èyí. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà nínú ilé tí ó dákẹ́ lọ gbári, gbogbo àdúgbò ni yóò sọ pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Irú onílé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbanisíṣẹ́ ilẹ̀ wa jẹ́ lónìí, àti ti ìjọba àti ti aládàáni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìdákẹ́jẹ́ yìí ń ná ọ̀dọ́ kan ní ìlú bí Àgọ́-Àrẹ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo, ní Òkè-Ògùn. Ó ti kàwé jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ Pólì tí ó wà ní Ṣakí, ó sì ti kọ ìwé wá iṣẹ́. Oṣù púpọ̀ kọjá, kò gbúròó ẹnikẹ́ni. Lójijì ni wọ́n ní kí ó yọjú sí Ìbàdàn lọ́túnla fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Àwọn òbí rẹ̀ ta èlùbọ́ tí wọ́n fi pamọ́ de ìgbà ọ̀wọ́n, kí ó lè rí owó ọkọ̀. Nígbà tí ó dé ọ̀hún, wọ́n ní kí ó padà sílé, àwọn yóò pè é. Láti ọjọ́ náà, ó di ẹni tí ń gbé fóònù sùn. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, kò lè pinnu bóyá kí ó kọ ebè; wọ́n fi iṣẹ́ tíṣà lọ̀ ọ́ nítòsí ilé, kò lè gbà á, nítorí kò mọ̀ bóyá ìpè yóò dé lọ́la. Owó ọkọ̀ kọ́ ni àdánù tí ó tóbi jù, bí kò ṣe ọdún tí ó fi dúró. Bí wọ́n bá ti sọ fún un pé a kò mú un, ì bá banú jẹ́ lónìí, ì bá sì gba oko lọ lọ́la.

Irú ìwà yìí a máa gba ẹ̀mí pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ẹrẹ́nà, 2014, iléeṣẹ́ Immigration, tí ń bójú tó ìwọlé àti ìjáde ní ẹnubodè ilẹ̀ wa, pe àwọn tí ń wá iṣẹ́ jọ sí àwọn pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà fún ìdánwò, ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àyè tí ó ṣí kò ju 4,556 lọ. Olúkúlùkù ti san ₦1,000. Ìwé ẹ̀sùn tí àjọ EFCC gbé lọ sí ilé-ẹjọ́ ní 2016 sì sọ pé ènìyàn 676,675 ni ó san án. Ní Àbújá, Port Harcourt, Minna àti Benin, ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ó kéré tán, ẹni 15 ni ó kú. Lẹ́yìn náà ni ìjọba tó fagi lé ìdánwò náà. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni bí 148 ni ó ń du àyè kan. Àwọn tí ó gba ìwé wọn ti mọ èyí kí ọjọ́ tó pé. Wọn ì bá ti ṣa àwọn tí ó yẹ, kí wọ́n sì kọ̀wé sí àwọn yòókù pé kí wọ́n jókòó sílé.

Àwọn agbanisíṣẹ́ a máa wí àwíjàre pé àwọn tí ń wá iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Lóòótọ́ ni wọ́n pọ̀. Ní 2025, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ń wá 30,000 ènìyàn fún Civil Defence, iṣẹ́ panápaná, ọgbà ẹ̀wọ̀n àti Immigration, àwọn tí ó kọ̀wé lé ní 1,900,000. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà, àjọ JAMB dán iye ọmọ tí ó tó bẹ́ẹ̀ wò. Olúkúlùkù wọn mọ ọjọ́, wákàtí àti ibùdó tirẹ̀, ó sì lè fi fóònù béèrè èsì rẹ̀. Àjọ náà kò ṣàìṣe àṣìṣe: kọ̀ǹpútà ba ìdánwò jẹ́ ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò, àwọn òbí sì fi igbe ta. Síbẹ̀, ọ̀gá àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, jáde sí gbangba, ó tọrọ àforíjì, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ọmọ 379,997 pé kí wọ́n wá tún un ṣe. Nítorí náà, àwa kò gbà pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń dí èsì lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí ó lè gba ìwé ẹni 1,900,000 lè dá wọn lóhùn.

Ohun tí àwa ń béèrè kò ṣòro. Kí agbanisíṣẹ́ kéde iye àyè tí ó ṣí àti ọjọ́ tí èsì yóò jáde. Kí ó má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń wá iṣẹ́. Kí ó fún ẹni tí ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ní ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Kí ìdánwò iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ máa wáyé ní Ṣakí àti Ìséyìn pẹ̀lú, kí ó má jẹ́ Ìbàdàn nìkan. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a ránṣẹ́ sí ẹni tí a kò mú gẹ́gẹ́ bí a ti ń ránṣẹ́ sí ẹni tí a mú. Àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí àwọn aládàáni lè rí àwòkọ́ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìgbà òjò kọjá lórí yín nítorí ìpè tí kò ní ọjọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbani síṣẹ́, ẹ rántí pé ọmọ ènìyàn ni ó wà lẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan tí ó wà lórí tábìlì yín, ilé rẹ̀ sì ń retí ohun tí ẹ ó wí.