Owó Nìkan Kọ́: Ta Ni Yóò Sọ Ibi Tí Ẹrù Olóró Ń Lọ?

Ní ọdún 1988, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sílé. Wọ́n ta ilé lólobó pé ọkọ̀ ojú omi ti ń kó pàǹtí olóró láti Ítálì wá sí ìlú Koko, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, tó ti di Delta lónìí. Ẹrù náà lé ní 3,000 tọ́ọ̀nù. Àgbàlá bàbá kan ni wọ́n to àwọn àgbá náà sí, ọgọ́rùn-ún dọ́là lóṣù ni wọ́n sì ń san fún un. Ìwé tó bá ẹrù náà wọlé kò sọ òótọ́ nípa ohun tó wà nínú àgbá.

Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ló tú àṣírí yẹn, kì í ṣe aṣọ́bodè. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó pàǹtí olóró kàn wá: owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ wọn, àti ìjábọ̀ tó yẹ kí wọ́n máa ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé a ò lófin. Lọ́dún 1988 yẹn gan-an ni ìjọba ṣe òfin pé ẹ̀wọ̀n gbére ni ẹni tó bá kó pàǹtí olóró láìgba àṣẹ máa lọ. Ọkọ̀ tó fi kó o àti ilẹ̀ tó dà á sí yóò di ti ìjọba àpapọ̀. Wọ́n dá àjọ FEPA sílẹ̀ lọ́dún náà, NESREA sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2007. Òfin náà le bí ojú ẹja. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ nìkan ló lè mú. Kí la wá ń ṣe nípa ẹrù tó ń kọjá níwájú wa lójoojúmọ́?

Ẹ wo bàtìrì ògbólógbòó. Nítorí iná tí kò dúró, ilé tó ní ẹ̀rọ ìnfátà àti sólà ti pọ̀, bàtìrì tó ti kú sì pọ̀ bákan náà. Àwọn tó ń rà á máa ń wá pẹ̀lú bárò tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Àwọn kan nínú wọn á da ásíìdì inú rẹ̀ sí gọ́tà kí ẹrù lè fúyẹ́, wọ́n á sì gbé ìyókù lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé, bíi Ògijó ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Òjé kì í ṣe ohun àmúṣeré, ọpọlọ ọmọdé ló máa ń bà jẹ́. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti wá góòlù pa ọmọdé tó lé ní 400.

Kí ni wọ́n ń bi ẹni tó ń kó irú ẹrù yìí lójú títì wa? Ọlọ́pàá á béèrè pátíkúlà. Àwọn agbowó á béèrè tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ṣọ̀wọ́n kẹ́nì kan tó béèrè pé: lọ́dọ̀ ta lo ti gbé e, kílò mélòó ni, ta ló sì máa gbà á lọ́wọ́ rẹ? Owó tí a gbà láìbéèrè ìwọ̀nyí, owó orí ni, kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ohun tó tún burú ni pé ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ló ń san án. Ẹni tó ń fi òru rìn kò san nǹkan kan. Ṣé a kì í ṣe pé à ń fìyà jẹ olóòótọ́ báyìí?

Ní Amẹ́ríkà, ìwé kan ló máa ń tẹ̀ lé ẹrù olóró láti ọwọ́ ẹni tó ni ín dé ọwọ́ ẹni tó máa palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Awakọ̀ á fọwọ́ sí i, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ á sì tọ́jú ẹ̀dà tirẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Bí ìwé náà kò bá padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ẹrù lásìkò, òun ló gbọ́dọ̀ wádìí, kó sì fi tó ìjọba létí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2018 ni wọ́n ti ń ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ẹrù gúnlẹ̀ sí ló ń san owó ètò náà, kì í ṣe awakọ̀. Owó ẹni tó lo bébà sì ju ti ẹni tó lo kọ̀ǹpútà lọ. Owó náà ń kọ́ èèyàn ní ìwà tó dára.

Àwọn kan á ní kí ìjọba kúkú fagi lé owó náà. Rárá o. Ta ni yóò san owó epo àti owó àyẹ̀wò fún àwọn olùbẹ̀wò? Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìyẹn náà kọ́. Bí owó bá ga jù, ẹrù kò ní parẹ́, gọ́tà ni yóò lọ.

Ohun tí àwa ń fẹ́ kò pọ̀. Kí owó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, níbì kan, kí gbogbo ayé sì mọ iye rẹ̀. Kí ilé-iṣẹ́ tó ń ta bàtìrì àti èyí tó ń yọ́ òjé ru èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Kí oníbárò lè fi fóònù ṣe ìjábọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ní èdè tó gbọ́. Kí ẹni tó bá sọ pé ẹrù òun dà sílẹ̀ rí ìrànlọ́wọ́ kó tó rí ìhàlẹ̀. Kí ìwé ẹrù náà sì wà níta, kí ará àdúgbò lè mọ ohun tó ń gba iwájú ilé wọn kọjá.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn tó kọ lẹ́tà ní 1988 ṣe tiwọn. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń da ásíìdì sí gọ́tà ládùúgbò yín, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ èrò yín.