"Ẹ̀jẹ̀ Ò Ṣáà Jáde"

Gbólóhùn kan wà tí a fẹ́ kó tán lẹ́nu àwa akẹ́kọ̀ọ́: "Ẹ̀jẹ̀ ò ṣáà jáde, kò ṣe é ní nǹkan kan." Bí ọ̀kadà bá gbé ẹnìkan ṣubú láàárín géètì sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, orúnkún tó bó àti ìgbọ̀nwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ni gbogbo èrò máa ń wò. Tí onítọ̀hún bá ti dìde, tó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, tó tún fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, a ó kí i kú oríire, a ó ní kó lọ sùn. Lójú tiwa, "lọ sùn" yẹn gan-an ló léwu jù níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ wà nínú bí a ṣe to orí ènìyàn.

Ọpọlọ àgbàlagbà wọ̀n tó bíi kílò 1.4. (Ọpọlọ la wí o, kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́ tó ń fò kiri lásìkò òjò. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ "opolo" lásán lórí WhatsApp, ẹ̀yin là ń bá wí.) Ó rọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Oògùn tí wọ́n fi pa èyí tí ẹ rí ní yàrá anátómì mọ́ ló sọ ọ́ di líle. Èyí tó wà lórí alààyè sún mọ́ ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò nínú ewé.

Ohun tó rọ̀ báyẹn ò lè dá dúró. Awọ mẹ́ta ló bò ó. Ti òde pátápátá, dura mater, yi bí awọ ìlù, ó sì lẹ̀ mọ́ inú agbárí. Èyí tó tẹ̀ lé e rí bí ilé aláǹtakùn, òun ni wọ́n fi pè é ní arachnoid. Ẹ̀kẹta fẹ́lẹ́, ó lẹ̀ mọ́ ara ọpọlọ fúnra rẹ̀, ó sì bá gbogbo kòtò àti gegele rẹ̀ wọlé wọ̀de. Láàárín ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta ni omi kan wà tó mọ́ gaara. Iye tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò tó ìdajì ìgò omi 50cl, nítorí kò ju bíi mìlílítà 150 lọ, ṣùgbọ́n ara ń pèsè tó odidi ìgò náà lójúmọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń fa ti tẹ́lẹ̀ padà. Inú omi yìí ni ọpọlọ ti ń léfòó, tí kílò 1.4 fi ń dà bíi gíráàmù 50 péré. Láìsí omi yìí, ìwúwo ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni ì bá tẹ abẹ́ rẹ̀ rẹ́.

Agbárí wá bo gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a wà ní ìkókó, àwùjẹ̀ wa ṣì ń mí, àyè díẹ̀ ṣì wà. Kí ọmọ tó pé ọdún méjì, ó ti dì, àpótí ti dé pa. Ààbò tó dára ni, àmọ́ àpótí tí kò ṣeé fẹ̀ ni.

Ní ẹ̀bátí, egungun agbárí tín-ín-rín, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Bí ẹ̀bátí bá gbá kọ̀ǹkéré, egungun lè sán, kó sì gé iṣan náà, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sáàárín agbárí àti dura mater láìsí pé ẹ̀kán kan jáde síta. Nígbà tí kò tíì pọ̀, onítọ̀hún lè máa sọ̀rọ̀, kó jẹun, kó tẹ fóònù. Bó bá pọ̀, ọpọlọ ò ríbi sún sí. Ihò ńlá kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ agbárí, níbi tí ọpọlọ ti so mọ́ okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn, apá ọpọlọ tó sì ń darí mímí gan-an ló wà lẹ́nu ihò yẹn. Bí a bá tì í sísàlẹ̀, èémí dúró nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Natasha Richardson, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kẹta ọdún 2009 nìyẹn. Ó ṣubú níbi tó ti ń kọ́ eré orí yìnyín ní Kánádà. Kò dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ó ní kò sóhun tó ṣe òun. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìṣubú náà, ó ti kú.

Ọdún yẹn kan náà ni àwọn Road Safety bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ líle mú òfin hẹ́límẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ wa. Àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Àwọn èrò kan kọ̀ jálẹ̀ torí wọ́n ní wọ́n lè ti fi oògùn sínú rẹ̀. Ẹni tó ń sá fún oògùn, orí rẹ̀ náà ló ń ṣọ́, a ò bá a jà. Igbá ni a bá jà. Fóòmù inú hẹ́límẹ́ẹ̀tì ló ń ṣiṣẹ́: òun ló ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí orí má baà dúró gbì lẹ́ẹ̀kan náà. Omi inú agbárí tó fún ìrìn àti ijó, kò tó fún títì ọlọ́dà. Àkójọ ìwádìí tí Cochrane gbé jáde ní 2008 fi hàn pé hẹ́límẹ́ẹ̀tì ń dín ewu kí orí alùpùpù fara pa kù ní ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42. Èyí tí a kò de okùn rẹ̀ ti fò lọ kí orí tó kan ilẹ̀.

Ẹ ó ní ó ń rùn, ó ń ba irun jẹ́. Òótọ́ ni. Ẹ fi fìlà ọ̀rá bo irun kí ẹ tó dé e. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì bá àwọn ọlọ́kadà ẹnu géètì sọ ọ́ gbangba: ọ̀kadà tí kò ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì méjì kò gbọdọ̀ wọ inú ọgbà.

A ò fẹ́ dẹ́rù bani. Ọ̀pọ̀ ẹni tó forí gbálẹ̀ ni kò ní ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ má fi onítọ̀hún sílẹ̀ lóun nìkan fún odidi ọjọ́ kan. Bí orí fífọ́ bá ń le sí i, bó bá ń bì, bó bá ń tòògbé ṣáá, bí ẹyinjú dúdú kan bá tóbi ju èkejì lọ, bí omi tó mọ́ gaara bá ń jáde nímú tàbí létí rẹ̀, ilé ìwòsàn yá. Bí ọrùn bá ń dun ún, ẹ má ká a sẹ́yìn Márùwá. Ẹ̀jẹ̀ tó dà sábẹ́ agbárí ṣeé yọ bí a bá tètè débẹ̀. Láti 1962 tí E. Latunde Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti dé UCH Ìbàdàn ni irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Torí náà, kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ kọ́kọ́ pe ilé ìwòsàn náà, kí ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ CT wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ní gbogbo àsìkò tí wọ́n bá fi ń darí yín láti ibì kan sí ibòmíràn, ẹ̀jẹ̀ yẹn ń dà.