Ẹrẹ̀ Ypres Ló Dájọ́ Ìbọn Ross
Bí ológun bá yin ọ̀pọ̀ ìbọn ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní, yóò kọ́kọ́ gbé ọwọ́ irin ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kí ó tó fà á láti ki ọta mìíràn. Ìbọn Ross tí àwọn ọmọ ogun Kánádà gbé lọ yàtọ̀: kí a fà á sẹ́yìn, kí a tì í síwájú, ó parí. Ó yá lọ́wọ́, ọta rẹ̀ sì ń ba ibi tí a fojú sùn.

Ṣùgbọ́n pápá ìdánrawò kì í ṣe ojú ogun. Ní Ypres lọ́dún 1915, ẹrẹ̀ inú yàrà àti ooru ìbọn mú kí irin náà há. Fífà lásán kò ní agbára tí gbígbé sókè fi ń tú ọta tó há. Àwọn kan ní láti fi ẹsẹ̀ ta á. Ọ̀pọ̀ sọ ọ́ nù, wọ́n gbé Lee-Enfield tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó kú fi sílẹ̀.

Síbẹ̀, mínísítà ológun, Sam Hughes, ń gbè é lẹ́yìn. Ọdún 1916 ni wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn atamátàsé tó ráyè tọ́jú rẹ̀ ṣì ń lò ó.

Ìwà rere ìbọn náà kì í ṣe irọ́. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ẹni tó jókòó sórí àga kò tètè gba ẹ̀rí ẹni tó wà nínú ẹrẹ̀ gbọ́.