Ìfẹ́ Inú Pretty Woman Kò Tẹ́ Wa Lọ́rùn

  Ọ̀rọ̀ sinimá la fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má sọ pé kí ló kan ọlọ́jà nínú sinimá o. Ó kàn wá. Àwọn ọmọ wa ń wò ó, àwa náà sì ń jókòó tì wọ́n.

Pretty Woman ni fíìmù ọ̀hún, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1990. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò yéé wò ó. Julia Roberts ló ṣe Vivian, ọmọbìnrin tó ń ṣe aṣẹ́wó ní Los Angeles. Richard Gere ṣe Edward, olówó tó ń ra ilé-iṣẹ́ odidi, tó ń tú u, tó ń tà á ní wẹ́wẹ́. (Òwò yẹn náà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ jàre.) Àlọ́ ọmọ tálákà àti ọmọ ọba náà ni, àfi pé mọ́tò gígùn ló rọ́pò ẹṣin.

Ká sọ òótọ́, a gbádùn rẹ̀. Nígbà tí Edward ní kí ó wá bá òun gbé fún ọjọ́ mẹ́fà, Vivian pè é ní 4,000 dọ́là. Edward ní alẹ́ mẹ́fà ní 300, 1,800 péré ni. Vivian ní ọ̀sán ńkọ́? Wọ́n ná an títí, ó já sí 3,000. Lẹ́yìn náà ni Vivian jẹ́wọ́ pé 2,000 ì bá tó òun, Edward náà ní òun ì bá san 4,000. Ta ni irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí rí nínú wa? Àwọn tó ń ta aṣọ tí wọ́n kọ̀ láti tajà fún un nítorí ìmúra rẹ̀ ńkọ́? Ọlọ́jà wo ló ń lé oníbàárà? Ó tọ́ sí wọn bó ṣe padà wá fi ẹrù tó rà níbòmíì hàn wọ́n.

Ṣùgbọ́n ibi tí a ti pàtẹ́wọ́ ni ibi tí Edward ti ní òun á gba ilé fún un, òun á fún un ní mọ́tò, kó máa dúró de òun. Vivian kọ̀. Ó ní òun ń lọ sí San Francisco, òun á wá iṣẹ́, òun á parí ilé-ìwé. Ó tún yọ nínú owó rẹ̀ fún Kit ọ̀rẹ́ rẹ̀, Kit tó ti fi owó ilé àwọn méjèèjì ra oògùn olóró lọ́jọ́sí! Ẹ wo ìfẹ́ níbẹ̀ yẹn.

Ó ti di ẹrù, ó kù kó wọ bọ́ọ̀sì. Ni Edward bá dé pẹ̀lú mọ́tò gígùn àti òdòdó, ó gun àkàbà, ó fẹnu kò ó lẹ́nu, fíìmù parí. Ilé-ìwé dà? Kò sẹ́ni tó béèrè. Bàbá yẹn ò sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, kò béèrè ẹbí, kò ní alárinà. Ó kàn gun òkè ni.

J. F. Lawton tó kọ ìtàn náà kò parí rẹ̀ báyìí níbẹ̀rẹ̀. 3000 ló pè é, níbẹ̀ sì ni ọkùnrin náà ti ti ọmọbìnrin bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, tó ju owó rẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n wá yí i padà kó lè dùn. Ṣé ẹ rí i? Yálà mọ́tò ọkùnrin jù ú sílẹ̀, tàbí mọ́tò ọkùnrin wá gbé e. Kò sẹ́ni tó kọ èyí tí Vivian ti lọ parí ilé-ìwé rẹ̀.

Ohun tó ń dùn wá nìyí. A mọ àwọn tí ọkùnrin sọ fún pé, "Fi ọjà yẹn sílẹ̀, èmi á máa bọ́ ẹ." Wọ́n kó igbá wọlé, owó òwò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí inú ọkọ yí padà, ìsọ̀ ti di ti ẹlòmíì. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa wo fíìmù yìí, wọ́n ń sunkún ayọ̀ níbi òdòdó. A bi wọ́n nípa San Francisco, wọn ò tilẹ̀ rántí.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wa jiyàn, kó wá sí ìpàdé. Kó má sì gbàgbé owó oṣù rẹ̀ sílé.